Bí A Ṣe Gbé Irúgbìn Ọ̀fàdà Lọ Gba Ìtànṣán ní Gánà

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Ẹni tó ní mo lọ ra léèsì, irọ́ ló pa. Ẹni tó ní ọkọ tuntun ni mo bá lọ, kí Ọlọ́run gba àdúrà náà fún mi lọ́jọ́ mìíràn. Ìrẹsì ni mo gbé lọ sí Gánà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ní í gbé ìrẹsì kúrò ní Ọ̀fàdà lọ sí ìlú onílùú? Èmi ni, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí ó bá di dandan pé ká tún lọ lọ́la, a ó lọ.

Ìdí tí a fi lọ

Sìfáwù Onírẹsì ni wọ́n ń pè mí ní ọjà Láfẹ́nwá. Agboolé wa wà ní Kémta, òwò la bá nílé, òwò náà la sì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti lọ́kọ sí Ọ̀fàdà kí wọ́n tó bí mi, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ọ̀fàdà. Èmi náà, ìyá mi ni mò ń pè wọ́n. Àwọn ló ń gbin ìrẹsì, èmi ni mò ń tà á.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́jà ló jẹ́ ti gidi, ẹ̀yin náà mọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá mi yìí, ìyá ọkọ wọn ló gbé e lé wọn lọ́wọ́. Hóró rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ pọ́n, òórùn rẹ̀ á sì ti gba àdúgbò kí ìkòkò tó hó. Àwọn aládùúgbò ti gba irúgbìn tuntun tó máa ń tètè gbó, wọn ò sì jẹ̀bi, ebi kì í dúró de èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni irú ti àtijọ́ yìí ṣe di ohun tí kò sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú àká Ìyá Ọ̀fàdà.

Kòkòrò wá dojú kọ àká. Kòkòrò dúdú kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó, inú hóró ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ti ń jẹun títí yóò fi lu ihò jáde. Ìyá mi gbé irúgbìn sókè àdògán kí èéfín máa gbá a. Wọ́n da ata gbígbẹ sí i, wọ́n fi ewé dóńgóyárò bò ó. Kòkòrò ń jẹ, ó ń bí, ó ń gbèrú. Òjò tí kò mọ àsìkò rẹ̀ mọ́ sì tún mú kí apá kan bu. Àwọn kan ní kí wọ́n ju oògùn oníhóró sínú àpò, èyí tó ń pa kòkòrò, tó sì ń pa eku. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí mo bá lè gbìn, mo gbọ́dọ̀ lè jẹ ẹ́. Májèlé ò ní wọ àká mi."

Olùkọ́ kan ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, tó máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi, ló sọ fún mi pé wọ́n ń fi ìtànṣán, agbára kan tí ojú kò rí tó ń wọ inú hóró lọ bá kòkòrò, bójú tó irúgbìn ní Gánà, àti pé òun mọ ẹni tó lè gbà wá lálejò níbẹ̀. Mo bi í bóyá ìtànṣán náà ò ní kù sínú ìrẹsì kó wá di àìsàn sí wa lára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Onírẹsì, tí ẹ bá sá aṣọ sóòrùn, tí ẹ wá ká a wọlé, ṣé oòrùn máa ń bá a wọlé?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí.

Àpò irúgbìn tó kù kò ju méjì lọ. A gbé ọ̀kan, a fi ọ̀kan sílẹ̀ lókè àdògán. Ìyá mi ní bí tọ̀nà bá ṣòfò, kí tilé kù. Wọ́n ní àwọn á bá mi lọ, mo ní ọ̀nà jìn, eékún ń dùn wọ́n. Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀.

Ní bodè

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn rí mọ̀ pé ìrẹsì ní í wọlé sí Nàìjíríà láti ibẹ̀, ó sì máa ń wọlé bí olè ni. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bodè tú ẹrù wa, tó bá ìrẹsì, tó gbọ́ pé à ń gbé e jáde ni, ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Wọ́n yí wa ká bí ẹni tó rí ewúrẹ́ oníwo kan.

"Màmá, ìrẹsì lẹ̀ ń gbé jáde?"

"Ṣé kò dáa ni?" Ìyá Ọ̀fàdà ló dáhùn. "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bá àwọn tó ń gbé e wọlé jà. Èmi tí mò ń gbé e jáde, ẹ yẹ kẹ́ ẹ bá mi gbé e."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n yẹ ìwé irúgbìn tí Olùkọ́ Alábàtà bá wa gbà wò, wọ́n ní ká máa lọ, ọ̀kan nínú wọn sì bá wa gbé e lóòótọ́.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a ṣì ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn olóúnjẹ, ìyá mi sì ń ná ọjà bí ẹni tó wà ní ọjà Kútọ̀. Nígbà tí a wọ Tógò, Yorùbá tán lẹ́nu èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àjèjì ni mí. Ìyá mi tó máa ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá, wọ́n kí títí, wọn ò rẹ́ni dáhùn. Wọ́n fi àpò irúgbìn sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n sì di ẹnu rẹ̀ mú títí a fi dé Àkírà.

Omi ní í ṣáájú

Ẹni tó gbà wá sílé ní Àkírà ń jẹ́ Àǹtí Ẹ́sì, opó kan tó ń yá àwọn àlejò ní yàrá. A dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú eruku lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹni tí a jẹ́ àti ẹni tó rán wa. Ó na ọwọ́ ó ní kí n dákẹ́. Ó fún wa ní àga, ó bu omi tútù fún wa, ó dúró títí a fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó, tó wá bi wá pé kí ló dé tí a fi wá.

Ìyá mi mi orí. Wọ́n ní, "Sìfáwù, àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọn ò ní bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ọ́."

Bí ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á kí ọ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, wọn kì í pariwo bíi tiwa. Nígbà tí mo fi ọwọ́ òsì na owó sí oníbúrẹ́dì kan nítorí pé ẹrù wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó wò mí bí ẹni tí mo sọ̀kò lù, kò gbà á àfi ìgbà tí mo sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn tó dàgbà nínú wọn ń pè wá ní Alátà, orúkọ tí wọ́n ti ń pe Yorùbá láti àtijọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè wá ní Naija, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyá mi bi mí pé ta ló sọ fún wọn pé ijó la wá jó. Mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Jíjẹ ni àbí gbígbìn?

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí lorúkọ ọkùnrin tó pàdé wa ní ilé ìtànṣán. Gíga ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì wọ aṣọ funfun. Ó fún wa lómi kó tó béèrè ohunkóhun. Ó wo àpò wa, ó mú àlẹ̀mọ́ méjì dání, pupa àti àwọ̀ ewé. Nígbà tó rí i pé ìyá mi ni àgbà, ó fi pijin bi wọ́n tààrà pé ìrẹsì yìí, ṣé jíjẹ ni àbí gbígbìn.

Ìyá Ọ̀fàdà gbọ́ pijin dáadáa. Wọn ò dúró kí n túmọ̀.

"Na chop," wọ́n ní. "My pikin, na chop rice."

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lẹ pupa mọ́ àpò.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ilé ọkọ ìyá mi, wọn kì í fi irúgbìn han àlejò. Bí àlejò bá bá ọ nídìí rẹ̀, jíjẹ ni wàá pè é. Ẹni tó bá mọ irúgbìn ẹni mọ ibi tí ọdún tó ń bọ̀ wà, ó sì lè fi ẹnu bà á jẹ́. Bí ìyá ọkọ wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é títí irun wọn fi funfun. Olùkọ́ Alábàtà sì ti kìlọ̀ fún mi pé agbára ìtànṣán ti jíjẹ yàtọ̀ sí ti gbígbìn. Èyí tí wọ́n ń fún oúnjẹ yóò pa kòkòrò, yóò sì pa ẹ̀mí hóró pẹ̀lú. A lè sè é, a lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá gbìn ín, kò ní hù láéláé.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ kì í já àgbà nírọ́, pàápàá lójú àlejò. Bí àgbà bá pe funfun ní dúdú láàárín àwùjọ, wàá dákẹ́, tí ẹ bá délé kó o wá rọra sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń gbé àpò lọ. Tí mo bá dúró di ìgbà tí a délé, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn níwájú ìyá mi.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yín."

"Dìde nílẹ̀, Sìfáwù."

"N ò ní dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Mo yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Kòfí, mo sì sọ ọ́ lédè òyìnbó kí gbogbo ilé lè gbọ́: gbígbìn ni. Irúgbìn ni, irúgbìn tí kò sí ìyókù rẹ̀ níbòmíràn. Kó yọ pupa kúrò.

Ọkùnrin náà kò mọ ìdí tí mo fi wà lórí eékún. Ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣánlẹ̀. Ó sọ àpò sílẹ̀, ó sáré lọ bu omi fún mi.

Ìyá Ọ̀fàdà káṣọ wọn jọ, wọ́n jáde síta, wọ́n dúró sínú oòrùn, wọ́n kẹ́yìn sí wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé, Ọ̀gbẹ́ni Kòfí yọ àlẹ̀mọ́ pupa, ó fi àwọ̀ ewé rọ́pò. Ó ní díẹ̀ ni àwọn máa fún un. Díẹ̀ yẹn kò ní pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní lè bí mọ́, ẹyin tó wà nínú hóró kò sì ní di kòkòrò. Hóró tó ti bu ni kò lè ràn lọ́wọ́, nítorí agbára tó lè pa ohun tó ń mú un bu yóò pa irúgbìn fúnra rẹ̀. Ó ní ká fi ọwọ́ ṣa ìyẹn kúrò. Ó bu ìwọ̀nba kan láti kọ́kọ́ dán wò, ká lè rí i bóyá yóò hù.

Kẹ́ńkè àti ìdákẹ́jẹ́

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. A jọ ń sùn nínú yàrá kan, a jọ ń kírun, a jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n Àǹtí Ẹ́sì tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọ́n ń rán sí mi. Wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á ní, "Sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ kó na omi sí mi." Àǹtí Ẹ́sì á wò mí, èmi á na omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ìyá mi bá ti la ẹnu, ó ti ń tọ́ka sí mi.

Oúnjẹ rẹ̀ ni kẹ́ńkè. Àgbàdo ni, wọ́n jẹ́ kó kan, wọ́n wé e sínú ewé bí ẹ̀kọ wa, àmọ́ ó le, ó sì kan ju ẹ̀kọ lọ. Wọ́n ń fi ata dúdú kan jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹnu mi kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Àǹtí Ẹ́sì bá pẹ́ ní ilé ìdáná, èmi ni mò ń lọ wò ó. Ìyá mi náà jẹ ẹ́ gan-an, wọn ò kàn ní gbà pé ó dùn.

Ọ̀sán la máa ń da irúgbìn sórí àtẹ, tí a ń ṣa èyí tó bu. Àǹtí Ẹ́sì jókòó tì wá láìsí ẹni tó pè é, ó ń ṣa. Nígbà tó ṣa èyí tó dára dànù, ìyá mi lu ọwọ́ rẹ̀, wọ́n mú hóró náà padà, wọ́n fi han án nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ń wò wọ́n, inú ń bí mi díẹ̀. Àjèjì ń gba ẹ̀rín, èmi ọmọ ilé ń gba ìdákẹ́jẹ́. Síbẹ̀ mo sọ fún ara mi pé kí wọ́n bínú, kí irúgbìn sáà hù. Mo lè fara da ìbínú. N ò lè fara da kí n padà sí Ọ̀fàdà pẹ̀lú àpò oúnjẹ.

Èhù

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí gbé àwo kan wá pàdé wa. Aṣọ tútù ló wà nínú rẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n ti fún ní ìtànṣán ló tẹ́ sórí aṣọ náà. Ó ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú hóró náà ti la ẹnu, èhù funfun kéékèèké sì ti yọ. Àwọn kan wà bí wọ́n ṣe wà, wọn ò hù.

Ìyá Ọ̀fàdà tẹ̀ ba àwo náà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ìka kan èhù kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè, wọ́n bi Ọ̀gbẹ́ni Kòfí ní pijin pé kí lorúkọ bàbá rẹ̀ àti pé ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà. Ó dáhùn. Wọ́n gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá, ó ṣe àmín bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ọ.

"My pikin," wọ́n ní, "that day, I lie you. Na plant."

"I know, Mama," ló dáhùn. Ó sì rọra tẹrí ba.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí wọ́n ṣe ń rẹ ìrẹsì náà, irú ilẹ̀ tó fẹ́, ẹni tó fún wọn, gbogbo ohun tí wọn kò sọ fún àlejò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ. Èmi ni mò ń túmọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń díbọ́n pé oorun ni.

Ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìyókù irúgbìn inú àpò wa wọ yàrá ìtànṣán. Ògiri ibẹ̀ nípọn ju ti ààfin lọ, a ò rí iná, a ò gbóòórùn kankan. Àpò wọlé, àpò jáde. Ìyá mi fọwọ́ kàn án, wọ́n ní kò tilẹ̀ gbóná, ṣé wọ́n ṣe é lóòótọ́? Bí Ọ̀gbẹ́ni Kòfí ṣe fi àwọn hóró díẹ̀ hàn wá, kòkòrò dúdú kan rìn jáde láàárín wọn.

"Ó ṣì ń rìn!" Ìyá mi pariwo.

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí ní kí n sọ fún wọn pé ó ń rìn ni, ìran rẹ̀ ti parí. Ó kìlọ̀ fún wa pé ìtànṣán kì í dúró ṣọ́ ìrẹsì. Tí a bá fi sílẹ̀ láìbò, kòkòrò mìíràn á wọ̀ ọ́. Ó ní ká di ẹnu àpò pa, ká wá ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ nígbà tí a bá délé.

Lójú ọ̀nà, ìyá mi pe orúkọ mi. Wọ́n ní, "Sìfáwù, èmi àtìẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún lówó.

Ọ̀fàdà

Kí a tó bọ́ bàtà ni ìyá mi ti ní kí wọ́n sọ àpò tó wà lókè àdògán kalẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ló gba ọwọ́ mi, àti èèpo tó ṣófo, àti kòkòrò. Wọ́n rọ́ jáde, wọ́n ń gun apá mi. Ìyá Ọ̀fàdà jókòó sílẹ̀, wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n lọ sun ún lẹ́yìnkùlé, mo lọ sun ún.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin oko tó wà nítòsí, àwọn tó ti gba irúgbìn tuntun. Wọ́n dé pẹ̀lú igbá àti ike. Ìyá mi tú ẹnu àpò Gánà, wọ́n ń bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pè é ní irúgbìn ketekete. Ọ̀kan nínú wọn bi wọ́n pé ṣé kò ní jẹ́ pé gbogbo ayé ni yóò ní in báyìí.

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn," wọ́n ní. "Èmi nìkan ni mo ní in, ẹ wo ohun tí kòkòrò fi ṣe."

Wọ́n pè mí. "Ìwọ náà, wá gba tìrẹ."

Mo ní, "Ìyá mi, oníṣòwò ni mí. N ò dáko rí láyé mi."

"Ẹni tó lè já mi nírọ́ lójú àlejò, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Tẹ́wọ́ gbà."

Mo tẹ́wọ́, mo gbà á. Mo wá ilẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko wọn, mo gbìn ín. Ó hù. Kò hù tán o, ó pá láwọn ibì kan, àwọn ará oko sì fi ebè mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó ti ń yọrí báyìí. Tí ẹ bá dé Láfẹ́nwá, tí ẹ bá ìsọ̀ mi ní títì, ẹ má bínú, ẹyẹ ni mo lọ lé lóko.